Adìyẹ Tó Yè, Ẹyin Tó Yé: Kí Ni Omi Náà Fi Sínú Wọn?

Omi ti fà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Àwọn tó lọ wo ilé wọn ń bá adìyẹ mélòó kan lórí igi, ewúrẹ́ kan lẹ́bàá títì, tàbí ẹja nínú kòtò tí kò sí ẹja rí. Fún ìdílé tí omi gbé ẹrù rẹ̀ lọ, ẹran kékeré yẹn lè jẹ́ ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tàbí owó ilé-ìwé ọmọ. Kò yà wá lẹ́nu pé ìbéèrè tí à ń gbọ́ jù ní ibùdó ni pé: ṣé a lè jẹ ẹ́, ṣé a sì lè tà á?

Èsì tí ọ̀pọ̀ ń fún ara wọn ni pé kí wọ́n sáà ti sè é jinná. Ní ti kòkòrò àìsàn, èsì yẹn dára, nítorí iná ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kí omi tó wọ yàrá yín, ó ti gba ilé epo kọjá, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó ti wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko, ó sì ti fọ ààtàn. Ó gbé ọ́ìlì dúdú, omi bátìrì, ọ̀dà, oògùn kòkòrò àti oògùn koríko dání. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun alààyè tí iná lè pa. Òjé tó wà nínú ẹran kí ẹ tó gbé e kaná náà ni yóò wà nínú ìkòkò nígbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá kúrò lára ẹran, inú omi ọbẹ̀ ló lọ. Kò ní òórùn, kì í yí àwọ̀ ẹran padà, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n.

Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò kò lè wá a bí kò bá sí ẹni tó sọ ibi tí ẹran náà wà nígbà tí omi dé. Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹran lẹ mọ ìyẹn. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá rántí, tí ẹ sì sọ, ni ìpìlẹ̀ gbogbo àyẹ̀wò tó bá tẹ̀ lé e.

Láti inú ẹrẹ̀ dé inú ìkòkò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí adìyẹ ìbílẹ̀, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni adìyẹ ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Bó ṣe ń ṣa kòkòrò jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé erùpẹ̀ mì. Lẹ́yìn omíyalé, ẹrẹ̀ tó sùn sórí ilẹ̀ ni ohun tí omi kó wá ti dúró, ibẹ̀ gan-an sì ni adìyẹ ti ń jẹun. Apá kan nínú ohun tó gbé mì a máa bọ́ sínú ẹyin, pàápàá sínú pupa ẹyin. Ní Agbogbloshie, ní ìlú Accra ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, àwọn olùṣèwádìí yẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n ń wá ni dioxin, májèlé tó máa ń jáde nígbà tí a bá sun ike, wáyà tàbí táyà. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2019 fi hàn pé àgbàlagbà tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo níbẹ̀ ti jẹ ìlọ́po 220 ìwọ̀n tí àjọ ààbò oúnjẹ Yúróòpù gbà láyè fún ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá kó ẹyin bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹyin mìíràn lórí àtẹ, ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀.

Ní ti màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn, bátìrì mọ́tò ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bátìrì tó bá fọ́ ní òjé nínú, àwọn ẹran sì máa ń lá a. Kárí ayé, ó wà lára ohun tó ń fi òjé pa màlúù jù lọ. Omi lè gbé bátìrì láti ìsọ̀ rìwáyà kan lọ já sínú koríko tó jìnnà síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí màlúù kan yóò fi máa fọ́jú rìn, tí yóò máa forí sọ ògiri, tí eyín rẹ̀ yóò máa pa kẹkẹ. Àwọn tó ń jẹran ní bèbè odò Ògùn, láti apá Ìṣẹ̀rì títí dé ọjà ẹran Kára, mọ bí omi ṣe máa ń kún síbẹ̀ nígbà òjò, pàápàá bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán. Kí ẹran tó padà sí pápá bẹ́ẹ̀, ẹ rìn ín já lẹ́sẹ̀, kí ẹ kó gbogbo bátìrì, ike oògùn àti agolo ọ̀dà kúrò. Ẹ fi nǹkan bo ọwọ́ yín.

Ẹja ní tirẹ̀ ń gbé inú ohun tó bá wà nínú omi. Ẹja àrọ̀ tiẹ̀ burú jù nítorí ìsàlẹ̀ ló ń gbé, inú ẹrẹ̀ ló sì ti ń wá oúnjẹ. Ẹja tí ẹ bá rí tó ti kú, tó léfòó, ẹ má ṣe kó o, bó ti wù kó tutù tó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn kan máa ń da Gámálìn sínú omi láti pa ẹja. Orúkọ oògùn inú rẹ̀ ni lindane, wọ́n sì ti fi í sínú àwọn oògùn tí àdéhùn Stockholm ní kí gbogbo ayé pa tì láti 2009. Bí omi bá wọ ìsọ̀ oògùn oko, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, àfi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Imú wúlò fún ẹja dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí kànga epo kan bú gbàù nínú òkun Gulf of Mexico ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ìjọba ibẹ̀ fòfin de ẹja pípa nínú omi tó wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀, débi pé nígbà kan ó tó ìdá 37 nínú 100. Kí wọ́n tó ṣí ibì kankan padà, àwọn tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ọ̀hún kọ́kọ́ gbóòórùn ẹja náà ní tútù àti ní sísè, wọ́n tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà ni ilé àyẹ̀wò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Imú ń mọ epo. Bí ẹja yín bá ń rùn bí kẹrosíìnì tàbí dísẹ̀lì, ẹ dà á nù. Ṣùgbọ́n bí kò bá rùn, ohun tí ìyẹn sọ kò ju pé epo kò pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Imú kò mọ òjé, kò sì mọ Gámálìn.

Ohun kan tún wà tí kò ti ilé epo tàbí ìsọ̀ wá. Àgbàdo àti kúlíkúlí tí omi rin a máa bu. Nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé a hù lára rẹ̀. Ènìyàn á wò ó pé kò ṣeé jẹ mọ́, á sì dà á fún adìyẹ tàbí ewúrẹ́ kó má baà ṣòfò. Májèlé tí ń jẹ́ aflatoxin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀, ẹ̀pà tó ti bu, tí wọ́n lọ̀ sínú oúnjẹ wọn, ni wọ́n bá nídìí ọ̀ràn náà. Bí ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú bá jẹ ẹ́, apá kan rẹ̀ a bọ́ sínú wàrà, sísè kò sì ní mú un kúrò. Àgbàdo tó bá ti bu, ẹ sin ín. Ìyẹn dùn mí láti kọ nígbà tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Ibi tí oró ń fara pamọ́ sí nínú ara ẹran

Kì í ṣe gbogbo oró ló ń pẹ́ nínú ẹran. Oògùn kòkòrò bíi Sniper tètè máa ń fọ́ túútúú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ara ẹran ń lé e jáde bí kò bá ti pa á. Bí ẹran bá ń da itọ́, tó ń gbọ̀n, tó ń ṣu, lẹ́yìn tó mu omi àgbàrá, ẹ má ṣe sáré dúńbú rẹ̀ kó má baà kú dànù. Ìgbà yẹn gan-an ni oró pọ̀ jù lára rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń wọ inú ọ̀rá: Gámálìn, dioxin, àti kẹ́míkà tó wà nínú ọ́ìlì àwọn tiransfọ́mà àtijọ́. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì ń bá wàrà àti pupa ẹyin jáde. Òjé ní tirẹ̀ ń lọ sí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti egungun. Ní ilé wa, ọmọdé tàbí aláboyún la máa ń fún ní ẹ̀dọ̀ nítorí pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Bí ẹran bá mọ́, àṣà yẹn dára gan-an. Ṣùgbọ́n lára ẹran tó ti jẹ̀ nínú ẹrẹ̀ omíyalé, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọnù, kí ẹ má sì fi egungun rẹ̀ se omi ẹran fún ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, àti pé nínú òjé tí ọmọdé àti àgbà bá jẹ, ti ọmọdé máa ń wọra ní ìlọ́po 4 tàbí 5. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́, kì í sì í hàn lọ́jọ́ kan.

Ohun tí ilé àyẹ̀wò lè rí, àti ohun tí kò lè rí

Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí wọ́n bá gbé ẹran lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ̀rọ kan yóò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè kan ni. Èyí tó ń wá òjé kò ní rí Gámálìn, èyí tó ń wá Gámálìn kò ní rí aflatoxin. Àyẹ̀wò dioxin sì wọ́n púpọ̀, ilé àyẹ̀wò tó lè ṣe é kò pọ̀. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti yan ohun tí wọ́n fẹ́ wá, àti ẹran tí wọ́n fẹ́ mú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú un. Nígbà tí nǹkan bá rọgbọ, wọ́n ń ṣa díẹ̀díẹ̀ láti odò ẹran, ọjà àti oko láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè mọ bí oúnjẹ ìlú ṣe rí. Lẹ́yìn jàǹbá bí irú èyí, wọ́n ń lọ tààrà síbi tí ìfura wà. Wọ́n lè mú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọ̀rá àti ẹran itan lára ẹran kan náà, tàbí ẹyin bíi méjìlá láti inú agbo kan, kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti mú un sí i lára, kí wọ́n sì gbé e lọ nínú yìnyín. Èsì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó bá dé, wọ́n ń fi í wé ìwọ̀n tí Codex Alimentarius gbé kalẹ̀, ìgbìmọ̀ tí FAO àti WHO dá sílẹ̀ ní 1963. Fún òjé, ìwọ̀n náà jẹ́ mílígíráàmù 0.1 nínú kìlógíráàmù ẹran kan, 0.3 fún ẹja, àti 0.02 fún wàrà. Ká fi yé ara wa: bí hóró súgà kan tó wúwo gíráàmù 4 bá jẹ́ òjé, tí ẹ sì pín in dọ́gba sínú ẹran tó wúwo tó kìlógíráàmù 40,000, ibẹ̀ ni ààlà wà. Ẹ wá rí ìdí tí ojú kò fi lè rí i.

Òǹtẹ̀ tí dókítà ẹran ń tẹ̀ sára ẹran ní odò ẹran ńkọ́? Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má ra ẹran tí kò ní i. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò yẹn: wọ́n ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, aràn àti eéwo. Kò sọ nǹkan kan nípa kẹ́míkà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1999 fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó, àní níbi tí ilé àyẹ̀wò pọ̀ sí. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ọ́ìlì tiransfọ́mà wọ inú ọ̀rá tí wọ́n ń kó jọ láti fi ṣe oúnjẹ ẹran. Oúnjẹ náà dé ọ̀pọ̀ oko. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn olóko ló rí i pé adìyẹ wọn kò yé bó ti yẹ mọ́, àti pé ẹyin tó yẹ kó pa kò pa. Wọ́n fẹjọ́ sùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀ nínú oúnjẹ náà, ó sì pẹ́ kó tó yé ẹnikẹ́ni pé dioxin ló yẹ kí wọ́n wá. Nígbà tí ará ìlú yóò fi gbọ́, oṣù karùn-ún ti ń parí lọ, wọ́n sì ti ń jẹ adìyẹ àti ẹyin náà láti ìgbà yẹn. Mínísítà ètò ọ̀gbìn àti ti ìlera fi ipò sílẹ̀. Ká ní kò sí olóko tó sọ pé ẹyin òun kò pa, ó ṣeé ṣe kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí adìyẹ yín bá dẹ́kun yíyé, bí ewúrẹ́ mẹ́ta bá kú ní àdúgbò kan náà, bí pẹ́pẹ́yẹ bá ń ṣubú lulẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni. Ẹ lọ sọ fún dókítà ẹran ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí ọ́fíìsì NAFDAC ní ìpínlẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tó wà ní ibùdó yín kó bá yín kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ibùdó pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan, tó ní òun lè rí gbogbo májèlé inú ẹran láàárín ìṣẹ́jú kan kí ẹ san owó, ẹ má ṣe dá a lóhùn.

Kí ẹ ṣe kí èsì tó dé

Ẹ má pa gbogbo ẹran yín nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbo ló wà nígbà tí omi dé, kí ló sì ń jẹ láti ìgbà náà? Adìyẹ tó wà lókè ilé, tó ń jẹ ọkà gbígbẹ, kò rí bí èyí tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé epo.

Èyí tó bá ti jẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ sé e mọ́. Ẹ gbé e sórí pákó tàbí sínú àgò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti ní kan ilẹ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ gbígbẹ àti omi mímọ́. Ẹyin tó bá yé ní àkókò yìí, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á. Bí ó bá jẹ́ oògùn kòkòrò ló fara kó, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè tó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ dájú pé bátìrì, ọ́ìlì tiransfọ́mà tàbí eérú táyà wà níbi tó ti ń jẹ̀, ìdúró ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò tó. Àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u sílẹ̀, bí kò bá sì sí àyẹ̀wò, mo rò pé kí ẹ má jẹ ẹ́ rárá, pàápàá bí ọmọ kékeré tàbí aláboyún bá wà nínú ilé.

Bí ẹ bá ń jẹ ẹran tàbí ẹja tí ìfura rẹ̀ kéré, ẹ yọ ìfun, ẹ gé ọ̀rá tó hàn dànù, ẹ bó awọ, ẹ jẹ́ kí epo ara rẹ̀ kán dànù lórí iná, kí ẹ má sì fi epo yẹn se ọbẹ̀. Èyí ń dín ohun tó ń gbé inú ọ̀rá kù. Kò dín òjé kù.

Títa rẹ̀ fún ẹlòmíràn kò yanjú ọ̀rọ̀. Ẹran olówó pọ́ọ́kú tó ń kún ọjà lẹ́yìn omíyalé, ilé ẹlòmíràn tí omi lé jáde ló sábà ń wọ̀. Ẹran tó bá kú, ẹ sin ín jìn, kó jìnnà sí kànga, ẹ má jù ú sí odò, ẹ má sì fún ajá.

Ẹ kíyè sí iná tí ẹ ń dá pẹ̀lú. Igi gbẹ́gbẹ́ ṣòro rí báyìí, àwọn kan sì ti ń fi táyà, ike àti ọ́ìlì dúdú sun pọ̀nmọ́ tàbí yan ẹja. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí èyí léraléra. Ẹran tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ni èéfín yẹn ń fi oró sí.

Oògùn abẹ́rẹ́ náà jẹ́ kẹ́míkà. Nítorí ìbẹ̀rù àìsàn, àwọn kan ń gún ẹran wọn ní abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn ń tú kápúsù ènìyàn, èyí tí ìdajì rẹ̀ pupa tí ìdajì sì jẹ́ yẹ́lò, sínú omi adìyẹ. Igo oògùn ẹran ń sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó pa ẹran tàbí jẹ ẹyin rẹ̀. Fún oríṣi tẹtirasáíkílìn tó ń pẹ́ lára màlúù, ó lè tó ọjọ́ 28. Kápúsù ènìyàn kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lára, nítorí náà ẹ má lò ó fún ẹran. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gún abẹ́rẹ́ sára ògiri tàbí sínú fóònù yín.

Nígbà tí dókítà ẹran bá dé, ohun tí yóò bi yín nìwọ̀nyí: irú ẹran wo ni, mélòó ló kù, mélòó ló kú àti lọ́jọ́ wo, ibi tó wà nígbà tí omi dé, àti ohun tó wà lókè odò sí ibẹ̀, bíi ilé epo, ìsọ̀ rìwáyà, ìsọ̀ oògùn oko tàbí ààtàn, bí omi náà ṣe rùn, bóyá epo ń dán lójú rẹ̀, ohun tó ń jẹ láti ìgbà náà, oògùn tí ẹ fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, nígbà tí ẹ ṣì rántí. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò gan-an nínú ohun tí wọ́n mú lọ, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí èsì bá ní kò sí òjé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wá Gámálìn náà.